Lẹ́tà sí Àwòrán Jésù tí Wọ́n Ń Tà ní Ìdó

Ẹ kú orí ìṣó o. Ẹ kú eruku Ìdó l'Ékòó, ẹ kú ariwo ọlọ́kọ̀. Mo rí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá láàárín àwòrán Mẹ́kà àti aago ògiri, nínú férémù tó ń dán bíi wúrà. Ó yẹ yín. Àmọ́ mo lẹ́jọ́ í bá yín rò, gbogbo ayé sì lè bá wa gbọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: kí ló dé tẹ́ ẹ kì í wojú ẹnikẹ́ni? Ẹ̀dà yín wà ní pálọ̀ mi. Lanlọ́ọ̀dù ń kan ilẹ̀kùn, ọmọ ń ké, ẹ̀yin ṣáà gbójú sókè sápá kan bí ẹni tó ń ka pákó àjà. Irun yín kì í dàrú. Ìmọ́lẹ̀ kì í kúrò níwájú orí yín, kódà tí wọ́n bá mú iná àdúgbò lọ. Ẹ ṣeun gan-an.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ jẹ́ kí wọ́n rò pé fọ́tò ni yín. Ìyá àgbà kan búra fún mi pé Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti yà á. Ẹ gbọ́, ẹ dákẹ́! Warner Sallman, ará Chicago, ló fi èédú ya yín ní 1924 fún ìwé ìròyìn ìjọ rẹ̀, tó sì wá fi ọ̀dà ya yín ní 1940. Wọ́n ní ẹ̀dà yín lé ní 500 mílíọ̀nù. Ẹ kú oríire. Àmọ́ ẹ rántí pé rélùwéè tó ti ń gbé èrò láti Ìdó lọ Ìbàdàn ní 1901 ṣẹ̀gbọ́n yín. Ẹ máa kí i kẹ́ ẹ tó ṣe fáàrí.

Kì í ṣe pé ẹ pupa ló ń dùn mí. Àlejò ni yín, a gbà yín, a fún yín ní ògiri. Ẹ kàn kọ̀ láti sún fún ẹlòmíì ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìṣó, ẹ gba Òyìngbò kọjá sí Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà, St. Paul. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tó ń ṣe tíṣà ní St. Gregory's nígbà yẹn, ló ya àwòrán Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá síbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960. Nígbà tó di 1969, ó gbẹ́ òǹtẹ̀ wọn, ó tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni Jésù ọ̀hún, iṣẹ́ ọnà tí aláàdìrẹ yóò dá mọ̀ sì wà lára aṣọ. Kò ráyè wo àjà rárá. Àárín èrò ló wà: wọ́n ń tì í, ó ń ṣubú, ọkùnrin kan ń bá a gbé igi, obìnrin kan ń nu ojú rẹ̀.

Mo bi ẹni tó ń tà yín bóyá ó ní ẹ̀dà Jésù ti Onobrakpeya. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí, ló bá fi àkísà nu gíláàsì yín, ó tún gbé yín síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ṣe tán, ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ ọ.