Akọ̀wé, Kí Lẹ Tún Gbé Délé?

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi, kí n má baà pariwo. Ẹni tí à ń wí ò jìnnà, yàrá kejì ló wà, ó ń fi yanrìn ha irin tó ti dógùn-ún. Àbúrò ọkọ mi ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ ilé yìí ni mo ti ń pè é ní Akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ káfíńtà ni. Ta ni yóò máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Akọ̀wé: irinṣẹ́ àtijọ́. Bí ẹ gbé ìfági tuntun tó ń dán gbinrin fún un lọ́fẹ̀ẹ́, á ní irin ọmọdé ni, kẹ́ ẹ gbé e padà.

Ẹ má wulẹ̀ máa wá ọjà ohun àtijọ́ tí wọ́n kọ àkọlé sí kiri erékùṣù yìí. Èyí tí àwọn òyìnbó ń lọ wà lọ́nà Lẹ́kí, ère àti ìlẹ̀kẹ̀ ló kún ibẹ̀, owó ibẹ̀ sì ń jó ni lọ́wọ́. Tiwa, etí títì ni. Ẹ gba Ìdúmọ̀tà kọjá, ẹ yà sọ́nà Jáńkárà, láàárín àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti àwọn onílẹ̀kẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo ilẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí tapólì tí wọ́n da sípánà, ẹnu ẹ̀rọ omi àti àjákù irin lé lórí, ẹ ti débẹ̀. Kò sí àdírẹ́sì. Lónìí wọ́n wà, lọ́la wọ́n ti lé wọn.

Ṣé ẹ mọ bí irin ṣe ń dé orí tapólì yẹn? Ikú ni. Bàbá káfíńtà kan á kú, àwọn ọmọ á sin ín, wọ́n á jó, wọ́n á dá aṣọ ẹbí. Tí ogójì ọjọ́ bá kọjá, wọ́n á gbá yàrá, àpótí irinṣẹ́ á bọ́ síta, ọlọ́mọlańkẹ́ tó ń kiri ra irin á gbé e sórí ìwọ̀n. Kílò ló fi ń ra gbogbo nǹkan. Ayùn tí bàbá fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé, kílò. Ìkòkò tó lu, kílò. Èyí tí onítapólì ò bá tètè ṣà lára rẹ̀, ọ̀nà Ìkòròdú ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin di rọ́ọ̀dù ìkọ́lé.

Irin yẹn kì í sì í ṣe irin yẹpẹrẹ o. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wá, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá dé: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. João Baptista da Costa ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, Sanusi Aka sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi oyè Bey, tí Sultan ilẹ̀ Túrkì fi ránṣẹ́, dá Mohammed Shitta, ẹni tí mọ́ṣáláṣí náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lọ́lá, ló bá di orúkọ ìdílé títí dòní. Iná mànàmáná ò tíì dé Èkó lọ́dún yẹn. Gbogbo pátákó tí wọ́n fá, gbogbo fèrèsé tí wọ́n gbẹ́, apá ni, irin ni, òógùn ni.

Ilojo Bar, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà ní Tinúbú, náà ńkọ́? Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, wọ́n sì wó o palẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Wọ́n ní Akọ̀wé sunkún lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni. Ibi tí wọ́n kó àwọn ilẹ̀kùn lọ ló ń béèrè kiri.

Ẹ wá wo ó nídìí tapólì. Kì í tètè béèrè ohun tó fẹ́. Á kọ́kọ́ mú ohun tí kò wúlò fún un, á ná an títí, á jù ú sílẹ̀. Ìgbà náà lá wá fẹsẹ̀ kan ìfági tó ti rí láti òkèèrè, á ṣe bí ẹni ṣèèṣì. Irin tó dógùn-ún ò dẹ́rù bà á, kẹrosínì àti yanrìn á yanjú ìyẹn. Sísán ló ń wá. Ara ìfági onírin, dídà ni wọ́n dà á. Tó bá já lulẹ̀, ẹnu rẹ̀ a máa sán, oníṣòwò a sì fi ọ̀dà dúdú bò ó. Nítorí náà á yí i sóòrùn. Tó bá jẹ́ ayùn, á tẹ̀ ẹ́, á jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ tí kò nà padà, kó bá oníkílò lọ. Á wá tutọ́ sí i, á nù ún, kó lè ka orúkọ: Stanley tàbí Disston ti Amẹ́ríkà, tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá kọ Sheffield sí, ìlú alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa obìnrin, àdá tó ní àwòrán ọ̀nì lára nìkan la mọ̀. Birmingham ni ìyẹn ti ṣẹ̀.

“Èló nirin ìdọ̀tí yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pè é ní ìdọ̀tí. Nǹkan àwọn bàbá wa ni. 25,000.”

“Ṣé iṣẹ́ ni n óò fi ṣe àbí n óò fi fẹ́yàwó? Gba 4,000. Kílò lo fi rà á.”

Oníṣòwò bú sẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ bá a. 7,000 ló tà á.

Ìyàwó rẹ̀ ní bóun bá nasẹ̀ lóru, òòlù lòun ń fẹsẹ̀ kàn. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹ gbọ́ èyí tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀: Akọ̀wé ò ní sùúrù tapólì mọ́. Ìwé ìkéde òkú ló ń kà lára ògiri báyìí, láti Òkè Àrín dé Èbúté Èrò. Tó bá ti rí i pé olóògbé ṣe káfíńtà, ó di ilé ọ̀fọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ pé “ẹ kú ará fẹ́ra kù”. Lọ́jọ́ kan ló lọ kí bàbá kan tí ara rẹ̀ ò yá. Bàbá gbórí sókè lórí ẹní, ó wò ó fín, ó ní, “Ọmọ mi, mi ò tíì kú o. Àpótí mi ṣì ń ṣiṣẹ́.”

Síbẹ̀, èmi ò bá a wí mọ́. Bí àpótí bàbá yín bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́mọlańkẹ́ fi kílò gbé e lọ. Ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, n óò bá Akọ̀wé sọ ọ́, owó gidi ni yóò san. Tèmi náà á sì wà níbẹ̀, ẹ ṣáà má jẹ́ kó gbọ́.