Ọmọ Àìtíì

Oríṣiríṣi ènìyàn ni Ẹlẹ́dàá kó dà sí ìlú Èkó, gẹ́gẹ́ bí aláte ti í kó ọjà wẹ́wẹ́ dà sórí àtẹ. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo wọn, kò sí èyí tí ó wù mí í wò ju ọ̀dọ́mọkùnrin tí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe rán jáde lẹ́yìn tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ND nínú ìṣirò owó, pé kí ó lọ fi odidi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe é kí ó tó padà wá bẹ̀rẹ̀ HND, tí orí sì bá a ṣe é tí ó bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ńláńlá tí ògiri wọn jẹ́ kìkì gíláàsì ní Victoria Island. IT ni àwọn aláṣẹ sọ ìkọ́ṣẹ́ náà, létà méjì péré. Ṣùgbọ́n àwa ará àdúgbò, tí ahọ́n wa kì í jẹ́ kí létà òyìnbó kọjá láìfi ohùn ilé wa kùn ún, "àìtíì" ni à ń pè é, ẹni tí ń ṣe é sì di Ọmọ Àìtíì. Bóyá ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí òun ń wí, bóyá kò mọ̀. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé orúkọ a máa ro ọmọ. Nítorí kí ni àìtíì nínú èdè Yorùbá bí kò ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò tíì parí: àìtíìmọ̀, àìtíìgbowó, àìtíìdé ibi tí à ń lọ?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ètò náà ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ètò rere ni. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, ní 1973 ni àjọ náà sì gbé ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀, nítorí pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé bí ẹni mọ orin, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dé iwájú wọn, wọn a dúró bí àlejò tí kò mọ ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ́n àwọn baba wa náà ni. Alágbẹ̀dẹ kì í kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ lórí pátákó. Ìdí ewìrì ni ó ń gbé e jókòó sí. Àmọ́ ṣá, èmi kò tíì gbọ́ ọ rí pé ọmọ tí ó wà nídìí ewìrì pe ara rẹ̀ ní Ògún.

Ẹ wá wo Ọmọ Àìtíì ilé wa ní Ṣómólú ní aago márùn-ún ìdájí. Kóòtù tí ó rà ní òkìrìkà Yábàá, tí apá rẹ̀ gùn dé ìdí àtàǹpàkò rẹ̀, wà nínú ọ̀rá, ó sì gbá a mọ́ àyà bí ìyá ìkókó, kí èrò inú dánfó má baà rún un kí wọ́n tó kọjá Afárá Third Mainland. Ṣùgbọ́n káàdì ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kò sí nínú ọ̀rá ní tirẹ̀. Ọrùn ni ó wà. Ọrùn ni ó wà nínú dánfó, ọrùn ni ó wà bí ó bá lọ ra ọṣẹ lọ́dọ̀ aláte, ọrùn náà ni ó sì wà ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àfi bí ẹni pé áńgẹ́lì ẹnu ibodè ọ̀run yóò béèrè ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kí n má purọ́, ìwà náà kò ṣàjèjì sí mi: nígbà tí èmi náà jẹ́ akọ̀wé lẹ́jà tuntun ní ilé ìṣòwò òyìnbó kan ní Marina, mo máa ń fi gègé há etí sùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé wa kò mọ èyí, nítorí náà òun nìkan ni wọ́n ń kì bí ó bá ti ń yọ lẹ́nu géètì:

Ọmọ Àìtíì, àrẹ̀mọ kọ́là líle,
A-gbé-káàdì-kọ́rùn-bí-ẹni-gbé-ìlẹ̀kẹ̀-oyè,
Adìẹ funfun tí kò mọ ara rẹ̀ lágbà,
Ó ka mílíọ̀nù onímílíọ̀nù láti òwúrọ̀ dalẹ́,
Ó wá ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀!

Kí ni ó ń ṣe níbẹ̀? Bí ẹ bá bi í, yóò ní ọ́dítì ni. Bí ẹ bá bi ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò yàtọ̀. Odidi oṣù mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà fi jẹ́ ewìrì rẹ̀: ó ń ṣe ẹ̀dà ìwé tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó ń to fáìlì tí ẹlòmíràn yóò tú, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ìrẹsì fún àwọn tí wọ́n fi ọdún méjì péré ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Wọ́n ní nínú ilé-iṣẹ́ náà, a kì í pe ẹnikẹ́ni ní "sà" tàbí "mà". Orúkọ àbísọ lásán ni a fi ń pe ọ̀gá, ìbáà tó ẹni tí ó bí ẹni. Ọmọ Àìtíì gbìyànjú rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá ti dárúkọ ọ̀gá, orúnkún rẹ̀ a ti lọ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, débi pé àwọn ọ̀gá rò pé ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Ìgbà tí ọdún ń parí lọ ni iṣẹ́ wá dé ní tòótọ́. Nítorí pé ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń pa ìwé ọdún wọn dé, àkókò náà gan-an ni àwọn ọ́dítọ̀ ń lọ wo bí a ti ń ka ẹrù tí ó ṣẹ́kù ní ilé ìkẹ́rùsí, kí oníṣòwò má baà fi ẹnu lásán sọ pé òun ní ẹgbẹ̀rún páálí nígbà tí ó jẹ́ ẹgbẹ̀ta ni ó ní. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé, ní alẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra àìsùn ọdún tuntun, Ọmọ Àìtíì wà nínú yàrá yìnyín oníṣòwò ẹja kan, ó ń ka páálí ṣáwà àti kótè, eyín rẹ̀ sì ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní oṣù Kìíní, wọ́n gbé bíírò pupa lé e lọ́wọ́: kí ó mú fáọ́ṣà kọ̀ọ̀kan, kí ó wá rìsíìtì rẹ̀ rí, kí ó wo ọjọ́, kí ó wo iye, kí ó wo ọwọ́ ẹni tí ó fi àṣẹ sí i, bí wọ́n bá bára mu, kí ó fa ilà kékeré kan sí i, bí wọn kò bá bára mu, kí ó pe ọ̀gá. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, nítorí pé ọ́dítọ̀ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ẹ̀rí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹlẹ́rìí èké.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé yìí, ẹ má wá a nínú lọ́ọ̀gìbúùkù rẹ̀, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń fọwọ́ sí, tí olùkọ́ sì ń wá yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí ó gbé fáìlì láti àjà kẹta lọ sí ìkarùn-ún, ó kọ ọ́ pé òun "kópa nínú ìdáàbòbò àwọn ẹ̀rí pàtàkì." Ọjọ́ ìrẹsì di "ìpèsè fún àwọn òṣìṣẹ́ lójú iṣẹ́." Ti ẹja ni ó wú mi lórí jù: "ìfìdí ọrọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan múlẹ̀ nínú ojú ọjọ́ tí ó le."

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ó yára wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ọ́dítọ̀ ní kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni a ń tìtorí rẹ̀ dá ìwé padà. Bí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yí èrò ẹni tí ń ka ìwé náà padà, a lè gbójú fò ó. Ọgbọ́n ni èyí fún ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù. Ọmọ Àìtíì wá gbé e wá sí ìdí àkàrà. Nígbà tí Ìyá Alákàrà béèrè ₦500 rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, iye yẹn kò tó ohun tí à ń kà sí." Ìyá Alákàrà yí àkàrà rẹ̀ padà nínú epo, ó ní, "Ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àkàrà tí kò tó ohun tí à ń kà sí, ṣé ikùn rẹ kò kà á?" Ìyá tirẹ̀ ní kí ó fọ àwo méjìlá, ó fọ mẹ́ta, ó ní ọ́dítọ̀ kì í yẹ gbogbo nǹkan wò tán láyé, pé mẹ́ta náà ti jẹ́rìí sí ìmọ́tótó àwọn yòókù.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá náà, òṣìṣẹ́ ń kọ gbogbo wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kí a lè mọ oníbàárà tí yóò san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí tí Ọmọ Àìtíì lò nídìí ẹ̀rọ, kò sí orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Wọ́n lè sọ fún yín iye tí ó kù nínú àpò ilé ìfowópamọ́ kan ní ọ̀gànjọ́ òru tí ọdún parí. Iye tí ọmọ tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé wọn fi ń wọkọ̀ láti Ṣómólú, ìyẹn kò tó ohun tí à ń kà sí.

Bí ó bá fẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́, Akíntọ́lá Williams ni ó ń dárúkọ, bí ẹni pé àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni baba náà lóòótọ́, ẹni tí a bí ní 1919, tí ó lo ọdún 104 láyé kí ó tó papòdà ní 2023, tí ó sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965. Ṣùgbọ́n 1952 nìkan ni Ọmọ Àìtíì mọ̀, ọdún tí baba náà dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ó fo 1944 tí ó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó, ó fo 1949 tí ó yege, ó sì fo àwọn ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́ owó-orí lábẹ́ ìjọba. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́jà tí a bá ya ewé mẹ́jọ láàárín rẹ̀, ọ́dítọ̀ wo ni yóò fọwọ́ sí i?

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó gbé bíírò pupa náà wọ inú ìsọ̀ ìyá rẹ̀ tí ó wà níwájú ilé wa, níbi tí wọ́n ti ń ta gàrí àti èlùbọ́. Ó ní, "Mọ́mì, rìsíìtì àwọn ọjà yìí dà?" Ìyá nawọ́ sí ògiri, níbi tí wọ́n fi èédú fa ilà sí, ilà òró fún kóńgò tí ó jáde, ilà ìdábùú fún ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ọmọ náà mi orí, ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ìyá kò bínú. Wọ́n gbọn gàrí kúrò lọ́wọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ilà mìíràn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, márùn-ún márùn-ún, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọ̀gá ọ́dítọ̀, owó ọkọ̀ rẹ nìyẹn, láti ọjọ́ tí o ti bẹ̀rẹ̀. Kà á."

Ó kà á. Ó pẹ́ kí ó tó kà á tán.

"Mi ò ní kí o san án. Rìsíìtì rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Mo kàn ní kí o fa ilà pupa yẹn sí i, bí o bá rí i pé ó bára mu."

Mo wà ní ìjókòó mi níta, mo sì rí i tí ó fà á.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àṣé n kò tíì mọ ẹni tí mò ń wò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé lọ́ọ̀gìbúùkù wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ mọ lẹ́jà ní ilé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ èrò yín sí etí ibí." Mo wọ awò ojú mi, mo sì ka ohun tí ó kọ: "Mo ṣe olórí àwọn ọ́dítọ̀ ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ṣómólú. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú mi." Mo gba bíírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀, mo ronú díẹ̀, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀: *Àìtíì.*

Ó kà á, ojú rẹ̀ tàn. Ó rò pé ipò rẹ̀ ni mo kọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, káàdì ọrùn rẹ̀ sì kan ilẹ̀ ṣáájú àyà rẹ̀.