Bí Mo Ṣe Yá Ọ̀gá Mi Lówó

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, yóò jẹ́rìí pé bí mo bá wọ kóòtù tán, tí mo fi gègé há etí, tí mo wá ń da Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò tí kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, ènìyàn a fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbé ìwọ́ mi sin. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń pa mí.

Nínú èdè tiwa, ẹni tó tọrọ owó yá a, ẹni tó ni owó náà yá a, ara kò sì ni ẹnikẹ́ni. Òyìnbó kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tó gbà á ló ṣe “borrow”, ẹni tó fúnni ló ṣe “lend”. Kì í kúkú ṣe pé n kò rí olùkọ́. Láti 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá òun Gẹ̀ẹ́sì jáde, kí a tó bí bàbá mi. N kò yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, tí ìsọmọlórúkọ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tí àpò mi sì gbẹ, mo kọ lẹ́tà sí òyìnbó ọ̀gá wa, mo fi odindi ìlà mẹ́ta tẹríba fún un, mo wá fi dé e ládé pé: “I humbly beg to lend you two pounds.”

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, èyí tí kò ṣe rí, ó ní oṣù náà ti gùn jù fún òun pẹ̀lú, kí n tètè gbé owó náà wá. Ǹ bá là á yé e, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé kékeré méjì tí mo máa ń bá tún Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe dúró lẹ́yìn mi; ikú sì yá ju ẹ̀sín. Mo ní, “Yes, sir.” Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bá sọ́gúndogójì kan ní Ọjà'ba, ẹni tó kọ́kọ́ wo bàtà ẹsẹ̀ mi bóyá yóò tó ìdógò kó tó dáhùn ìkíni mi. Mo yá pọ́n-ùn méjì, mo lọ yá ọ̀gá. Oyin àwìn ni a fi sọ ọmọ lórúkọ.

N kò ní í sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí ìgbà tí mo ń ṣe tíṣà, tí mo sọ fún alábẹ̀wò pé “I learn them arithmetic”, tó sì bi mí léèrè iye tí àwọn ọmọ náà ń gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn èyí ni mo gbọ́ pé Shakespeare pàápàá lo “learn” bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Shakespeare ti kú láti 1616, kò sì lè wá jẹ́rìí mi.

Ní òpin oṣù, ọ̀gá dá pọ́n-ùn méjì padà láìfi kọ́bọ̀ lé e. Èmi ni mo wá èlé sọ́gúndogójì. Nínú àpòòwé náà, ó fi ìwé pélébé kan há owó lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé òun ti ròyìn inú rere mi fún àwọn òyìnbó méjì ẹgbẹ́ òun, wọn yóò sì wá rí mi.