Ẹni Tí A Pọ̀n

Ó ku oṣù méjì kí ọ̀gbẹ́ni kan gbéra ìrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ ló ti gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ dànù. Ó ní ẹrù ni. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì náà lé òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé ìdáná, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ayùn gé e, ó tún gbé e lé e, ó wá pariwo pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ láti yàrá pé kó wá wo gíráàmù mẹ́fà tí òun ti borí. Lọ́jọ́ kejì, ó já àmì tó wà lẹ́yìn ọrùn gbogbo ẹ̀wù rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi sísọ́ọ̀sì gé etí máàpù tó fẹ́ mú dání, níbi tí wọn ò tẹ nǹkan kan sí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí gbà pé bí ẹrù ẹ̀yìn ènìyàn kò bá tó 10 pọ́ọ̀nù, láìka oúnjẹ àti omi, onítọ̀hún ti kúrò lọ́mọdé nídìí ìrìn. Tirẹ̀ jẹ́ 8. Á sọ fún yín kẹ́ ẹ tó béèrè.

Ohun tí kò ní í sọ ni pé inú báàgì obìnrin náà ni àgọ́ tí àwọn méjèèjì ń sùn wà. Sítóòfù wà níbẹ̀. Ìkòkò wà níbẹ̀, oògùn àti bándéèjì wà níbẹ̀, bátìrì tí wọ́n fi ń ṣáájì fóònù wà níbẹ̀, títí kan ṣọ́bìrì kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n wọ́n nínú igbó. Ìṣirò ọ̀gbẹ́ni yìí ò ní àléébù kankan. Àyọkúrò nìkan ló ń ṣe ni. Ẹlòmíràn ló ń ṣe àròpọ̀.

Ẹ má rò pé ẹnì kan ni mò ń bá wí. Ẹ dé òkè Springer ní Georgia láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdúnkọ́dún, ẹ ó rí irú ẹ̀ mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail ti bẹ̀rẹ̀, tó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó sì parí sórí òkè Katahdin ní Maine. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,200 máìlì. Oṣù márùn-ún sí méje lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rìn ín. Kò sí ọjà ní òpin rẹ̀, kò sí àna tí wọ́n ń lọ kí, kò sẹ́ni tó kú tí wọ́n ń lọ sin. Wọ́n kàn ń rìn ni. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Georgia tipẹ́, kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé kóòtù wo ló rán wọn.

Lójú ọ̀nà yìí, wọn kì í jẹ́ orúkọ ilé. Ìnagijẹ ni wọ́n ń jẹ́, àwọn tí ẹ jọ ń rìn ni wọ́n sì máa ń sọ yín bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwà tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ń hanrun lè di Jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ò ní í jẹ́ orúkọ míì ju ìyẹn lọ títí dé Maine. Ọkùnrin tiwa kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àtilé ló ti sọ ara rẹ̀ ní Ìkookò Adánìkanrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé àwọn méjì ni wọ́n jọ ń lọ. Obìnrin náà ń tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú àgọ́ àti ìkòkò, ṣùgbọ́n adánìkanrìn ni Ìkookò. Nígbà tó di alẹ́ kejì, àwọn èrò ti ń pe obìnrin náà ní Síbí, torí òun nìkan ló ní síbí láàárín àwọn méjèèjì. Bó bá jẹun tán, á nù ún, á fi fún un. Rárá, mo ṣì í sọ: Ìkookò ló ń kọ́kọ́ jẹ.

Woody Gap ni mo ti fojú ara mi rí wọn, níbi tí ọ̀nà títì ti la àárín òkè kọjá, nǹkan bí 20 máìlì sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá òyìnbó kan tó jẹ́ aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi a máa gbé tábìlì lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún bí àwọn arìnrìn-àjò bá ti ń kọjá. Wọ́n á to àga, wọ́n á gbé kúlà méjì sílẹ̀ tó kún fún mínírà àti yìnyín, wọ́n á máa yan sọ́séèjì sínú búrẹ́dì. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Áńgẹ́lì ni àwọn arìnrìn-àjò ń pe irú wọn, ọ̀nà yìí sì kún fún wọn láti Georgia dé Maine: ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àlejò wọ ìlú lọ ra oúnjẹ, ẹni tó ń jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ nílé òun, ẹni tó kàn so ọsàn mọ́ ẹ̀ka igi tó sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi bá ìyá náà lọ, wọ́n sì din pọfupọfu kún ike áásìkiriìmù méjì. Èmi ni mo gbé e.

Ìkookò ló kọ́kọ́ yọ nínú igbó. Òun nìkan. Ó ju ọ̀pá ìrìn rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó fìdí sọ àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Sọ́séèjì méjì wọlé. Ó bojú wo ike ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí lèyí, ṣé èròjà ara wà ńbẹ̀? Wọ́n ní ìyẹ̀fun, ṣúgà, yíìsì àti òróró ni. Ó ní òun kì í sábà jẹ ìyẹ̀fun. Mo ka méje. Ìka rẹ̀ dúdú fún ìdọ̀tí, èékánná rẹ̀ bíi ti mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n bó ṣe ń mú pọfupọfu lẹ́lẹ́, ẹ ó rò pé ẹyin ló ń ṣà nínú ìtẹ́.

Bó ṣe ń jẹ ló ń wàásù. Ó ní ohun tí ọ̀nà yìí ti kọ́ òun ni pé kò sẹ́ni tí èèyàn nílò láyé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ lójú ọ̀nà nìyẹn o. Ó ní aráyé ti sọnù, wọ́n ti gbára lé ọjà àti ẹ̀rọ àti ara wọn jù, pé nígbà tí ènìyàn bá gbé gbogbo ohun tó ní sẹ́yìn ara rẹ̀ ló tó mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ìyá òyìnbó ń mi orí, wọ́n ń ti ike mọ́sítáàdì sún mọ́ ọn. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní Nàìjíríà. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní áà, ẹ̀yin ará Áfíríkà, ìrìn wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín!

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "N ò mọ̀ o. Ọ̀kadà ni mo máa ń gùn láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá."

Bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ni Síbí tó yọ. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́, báàgì rẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ. Ó kí gbogbo wa, ó bọ́ bàtà, a sì rí gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti bó pupa. Kí n tó yíjú, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ti fi omi wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi púláàsítà bò ó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í sinmi lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà dúpẹ́ títí. Ó jẹ pọfupọfu méjì, ó dìde, ó ń ṣa agolo tí Ìkookò mu jù sílẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù. Ìkookò wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Ṣé bátìrì yẹn ṣì ní ná?" Ó tún bu pọfupọfu mẹ́ta sápò. Ó ní tọ̀nà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, wọ́n wá sọ lédè wa pé ẹni tí a pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni wọ́n wí. Wọ́n ní àdúrà ni.

Irú àwọn Ìkookò yìí kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú wọn. Wọ́n á sọ fún yín nípa Earl Shaffer, tó ti ogun àgbáyé kejì dé, tó rin gbogbo rẹ̀ lọ́dún 1948. Wọ́n á sọ nípa Emma Gatewood, ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá, tó gbéra lọ́dún 1955 ní ẹni ọdún 67 pẹ̀lú bàtà kánfáàsì àti àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, kọ́tìnì ilé ìwẹ̀ ló sì fi ń ṣíji òjò. Ẹ gbọ́ bí Ìkookò ṣe ń pe orúkọ ìyá yẹn, ẹ ó ṣe bí ìyá tó bí i lọ́mọ ni. Ṣùgbọ́n Màmá Gatewood a máa kan ilẹ̀kùn onílé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á tọrọ ibi tí wọn yóò sùn, wọn kò sì fi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Apá ibẹ̀ ni Ìkookò máa ń fò.

Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tó ni ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà kàn wà níbẹ̀ ni, bí odò ṣe wà. Ọdún 1921 ni Benton MacKaye kọ èrò rẹ̀ nípa ọ̀nà náà jáde, ọdún 1937 ni wọ́n tó la gbogbo rẹ̀ já, látìgbà náà wá ni àwọn tí kò gba owó ti ń fi òpin ọ̀sẹ̀ wọn gbé ayùn àti ọkọ́ wọgbó láti gé igi tó wó dínà, láti to òkúta síbi tí ọ̀gbàrá bá ti wú ilẹ̀. Àwọn kan náà ló ń fi ọ̀dà funfun kun ara igi, ínǹṣì méjì ní ìbú, mẹ́fà ní gígùn, kí àlejò má bàa ṣìnà. Wọ́n kọ́ ahéré olójú mẹ́ta, tí iye rẹ̀ lé ní 250, káàkiri ojú ọ̀nà. Mo fura pé Ìkookò rò pé ọ̀dà yẹn bá igi hù ni. Bó bá sì wọ ahéré lálẹ́ tí òjò ń rọ̀, tó bá ẹlòmíràn tó ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí igun tí kì í jò, ìgbà yẹn ló máa ń rántí pé ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣàánú ara wọn.

Ìyá Síbí ńkọ́? Ìyẹn ò rin ẹsẹ̀ bàtà kan, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni páálí rẹ̀ ń dé póòsí ọ́fíìsì ìlú tó wà níwájú: ọ́ọ̀tì, indómì, ẹ̀pà, ìbọ̀sẹ̀ tuntun fún àwọn méjèèjì. Ìkookò a tú u, á ní indómì aládìẹ ni Màmá tún fi ránṣẹ́, ṣebí òun ti sọ pé ti ẹran lòun fẹ́.

Ní Virginia nìkan, ọ̀nà náà ju 500 máìlì lọ. N ò ní í fi dá yín dúró, ó jẹun níbẹ̀ ni. Ní Pennsylvania, nítòsí ìdajì ọ̀nà, ó jẹ odidi ìlàjì gálọ́ọ̀nù áásìkiriìmù lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn arìnrìn-àjò ní Pine Grove Furnace. Síbí ló sanwó.

N ò ní í purọ́ mọ́ ọn: ó rin ín. Nínú mẹ́rin tó bá gbéra, bóyá lẹyọ kan fi ń dé òpin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni ó fi gun àwọn òkè New Hampshire tí ẹ̀fúùfù ibẹ̀ ń wọ́ àgbàlagbà. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ẹni tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ló dé tí kò lè sọ pé ẹ ṣeun?

Odò Kennebec ní Maine ìbá ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Odò náà fẹ̀, dáàmù kan wà lókè rẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ya wálẹ̀ nígbàkígbà, wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ là á. Atukọ̀ kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé wọn kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àwọn fo ibì kan lójú ọ̀nà, wọ́n kun àmì funfun yẹn sí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́, ojú ọ̀nà ló ṣì wà. Atukọ̀ ní kí ẹni iwájú bá òun wà á díẹ̀. Síbí mú àjẹ̀. Ìkookò gbé báàgì 8 pọ́ọ̀nù rẹ̀ lé orí àmì funfun, ó gbẹ́sẹ̀ lé báàgì, ó ń wo òkè. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣírò iye máìlì tó rìn. Ó ka odò mọ́ ọn.

Wọ́n dé orí Katahdin lóṣù kẹsàn-án. Ó gun pátákó tó wà lórí òkè, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Síbí ya fọ́tò mẹ́rìnlélógún, torí ó ní irùngbọ̀n òun ò hàn dáadáa nínú mẹ́tàlélógún àkọ́kọ́.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó wá ku ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Millinocket. Ìkookò mọ̀ pé awakọ̀ kì í fẹ́ dúró fún onírùngbọ̀n tó ti ń rùn láti oṣù kẹta. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Síbí dúró létí títì, ó na àtàǹpàkò. Ọkọ̀ kẹta dúró. Ìyá àgbà kan ló ń wà á. Kí Síbí tó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ọ̀gbẹ́ni ti yọ lẹ́yìn igi, ó ti jókòó síwájú, ó ní ẹsẹ̀ òun gùn. Síbí kó báàgì méjèèjì lé itan lẹ́yìn. Ìyá ní ẹ kú ìrìn o, ṣé kò ti rẹ̀ yín? Ó ní rárá, pé ẹni tó bá ti gbára lé ara rẹ̀ nìkan, àárẹ̀ kì í mọ̀nà ilé rẹ̀. Ó bojú wo abẹ́ àga, ó bojú wẹ̀yìn, ó wá béèrè bóyá Màmá ní nǹkan tútù nínú ọkọ̀.