Ẹ̀yin Lánlọ́ọ̀dù, Ilé Yín Mọ̀ Ọ́n Para Dà!

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù Ìsàlẹ̀ Èkó, mo júbà kí n tó ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí fowó kún owó ilé o, ayálégbé ni mí.

Mo gbọ́ pé àwọn ẹnjiníà ayé ti ń kọ́ ilé tó ń para dà. Ní Abu Dhabi, ilé gogoro méjì wà tí wọ́n ń pè ní Al Bahar, 2012 ni wọ́n parí wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń darí àwọn ìbòòrùn ara wọn: bí oòrùn bá kọjú sí apá kan, wọ́n á ṣí bí agbòòrùn, bó bá kúrò, wọ́n á ká. Ni gbogbo ayé bá ń pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ kẹ̀? Ṣé wọn ò tíì dé Ìdúmọ̀tà ni? Pálọ̀ tí bàbá àgbà ti ń gbàlejò ti di ṣọ́ọ̀bù léèsì. Abẹ́ àtẹ̀gùn tí ológbò ń bímọ sí ti di ṣọ́ọ̀bù bàtà. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè lọ sùn á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ oníbàtà. Bákónì tí ìyá àgbà ti ń wòran Ẹ̀yọ̀ ti di yàrá, wọ́n sì ti gba owó ọdún méjì lórí rẹ̀. Ilé alájà kan sùn, ó jí ní alájà mẹ́ta. Bi lánlọ́ọ̀dù pé ta ló yàwòrán rẹ̀, á ní, "Àwòrán bíi ti kín ni? Ọwọ́ bíríkìlà mi dá ṣáká!"

Òmíràn tiẹ̀ para dà kọjá ààlà. Ilojo Bar ní Tinubu, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, para dà ní oṣù Kẹsàn-án 2016: ó di ilẹ̀ gbalasa!

Ẹni tí mo fún lóyè ẹnjiníà l'Ékòó ni ọmọ oníkánópì. Lọ́jọ́ Sátidé, irin á wọnú irin, wọ́n á na tapólì lé e, títì á di gbọ̀ngàn àríyá. Bójò bá rọ̀, wọ́n á figi ti ikùn tapólì sókè, omi á sì dà sórí ẹni tí kò ra aṣọ ẹbí. Kó tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, wọ́n ti ká a. Ẹni tó ṣe kánópì ti ro ibi tó máa ká àti ibi tó máa nà kó tó gé irin. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìpìlẹ̀ tẹ́ ẹ fi lé àjà kan kò mọ̀ pé méjì ṣì ń bọ̀, tí táǹkì omi á tún gun gbogbo wọn lórí.

Ẹ̀fẹ̀ tán níbí yìí. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, 2019, ilé kan tí ilé ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì. Ènìyàn 20 ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ti fàmì sí i lára tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ pe ẹnjiníà kó yẹ òpó àti ìpìlẹ̀ wò. Ìwọ ayálégbé ẹgbẹ́ mi, bí òpó bá là, tí ilẹ̀kùn tó ń tì tẹ́lẹ̀ kò bá tì mọ́, ta LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, lólobó, kó o sì kẹ́rù rẹ jáde lọ́jọ́ náà. Ìta ni kó o ti máa béèrè owó ilé tó ṣẹ́kù.