Ọwọ́ Ara Ẹni, Bíréèkì Ara Ẹni

"Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe," làwọn àgbà wí. Ọ̀gá Mo-Lè-Ṣe-É gbọ́ ọ, ló bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ló rà, láti apá Amẹ́ríkà tí wọ́n ti máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín kí táyà má baà yọ̀. Iyọ̀ tó ń jẹ yìnyín kì í yọ irin sílẹ̀. Àwọn tó ta ọkọ̀ fún un ti kun abẹ́ rẹ̀ lọ́dà, ó ń dán bíi bàtà ṣọ́jà. Ọjọ́ tó tẹ bíréèkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlẹ̀ ló tó mọ̀ pé páìpù ti dípẹtà, ó ti lu.

Mẹkáníìkì ní kí wọ́n pààrọ̀ páìpù láti oríkèé dé oríkèé. Ọ̀gá ní owó ti pọ̀ jù, rédíò ọkọ̀ lòun fẹ́ rà. Ó wo fídíò YouTube dé ìdajì, ó gé ibi tó jẹrà, ó fi rọ́bà so ó pọ̀, ó fi kílípù dè é. Bí fọkanáísà bá fún táyà rẹ̀ ní 40, á pariwo pé ó ti le jù. Bẹ́ẹ̀ bó bá tẹ bíréèkì gidi, agbára inú páìpù yẹn lè ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n kan náà. Kílípù ló fi ṣe onídùúró.

Ọ́ìlì bíréèkì tún wọ́n lójú rẹ̀, ó bu omi ọṣẹ sí i. Ojúlówó ọ́ìlì DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Omi ń hó ní 100. Omi tó bá hó a di oru, ẹsẹ̀ á wá máa tẹ oru lásán.

Aládùúgbò rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ: ó ká páìpù ẹsẹ̀ kan, ó fi òòlù lù ú pa. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ń dúró, ìkẹrin ń bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ. Bí bíréèkì ò bá wá mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á ní ará abúlé ló wà nídìí ẹ̀. Iyọ̀ ti di àjẹ́ nìyẹn.

Àgbà ò purọ́. Ẹni tó bá ra odindi páìpù tuntun, tó fi irinṣẹ́ tó yẹ fẹ ẹnu rẹ̀, tó lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, tó sì jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè ṣe é nílé. Ṣùgbọ́n ìwà ara ẹni ni wọ́n ní ká tún ṣe. Ìyá alákàrà etí títì àti ọmọ iléèwé tó ń sọdá ní ìwà tiwọn. Ta ló fi í lé Mo-Lè-Ṣe-É lọ́wọ́?