Kíréyọ̀n Tiwọn, Gàrí Tiwa

Bí ẹ bá fẹ́ kí omi lé ròrò lójú ará Amẹ́ríkà tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ òkú fún un. Ẹ kàn bi í bóyá ó rántí fíìmù bí wọ́n ṣe ń ṣe kíréyọ̀n. Mo rí i níbi iṣẹ́ mi ní Philadelphia. Ọ̀gá wa, ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n ju epo bẹntiróòlù lọ, ló dìde lórí àga, tó ń fọwọ́ júwe bí ìda gbígbóná ṣe ń ya wọ inú ihò. Àwọn yòókù ń mi orí, wọ́n ń mí kanlẹ̀.

Ọdún 1981 ni Fred Rogers fi fíìmù yẹn han àwọn ọmọdé lórí ètò rẹ̀, Mister Rogers' Neighborhood, tí wọ́n ń ṣe ní Pittsburgh. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, á bọ́ kóòtù, á wọ súwẹ́tà, á pààrọ̀ bàtà, kó tó wá bá yín sọ̀rọ̀. Nínú fíìmù náà, wọ́n á yọ́ ìda bíi ti àbẹ́là, wọ́n á po lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á dà á sórí irin tó kún fún ihò. Omi tútù á mú un dì, òṣìṣẹ́ á ha èyí tó kún àkúnya kúrò, kíréyọ̀n á sì rú yọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn dúró gbọnrangandan. Èyí tó bá kán, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún un yọ́. Sesame Street náà ní fíìmù kíréyọ̀n tirẹ̀. Àwa náà wo Sesame Street lórí NTA, àmọ́ ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: kí ìda tó dì, wọ́n á ti mú iná lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kíréyọ̀n kọjá omi aláwọ̀.

Ọmọ òyìnbó kò jẹ̀bi bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ògiri ni wọ́n mọ yí gbogbo iṣẹ́ ká lọ́dọ̀ wọn. Búrẹ́dì, bàtà, àga, ìgbà tó bá dórí igbá ni ọmọ ń mọ̀ ọ́n, ni tẹlifíṣọ̀n bá di ihò tí wọ́n ń yọjú wò. Ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti bí mi, ta ló ráyè mọ ògiri? Alágbẹ̀dẹ wà ní oríta, káfíńtà ń fá pákó lẹ́bàá títì, aláró Ìtòkú ń sá aṣọ sórí okùn níta gbangba. Ṣùgbọ́n kò sí òǹwòran níbẹ̀ o. Bí o bá fi lè dúró wo aládìrẹ níbi tó ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, kí aró má baà mu ibẹ̀, o ti wọ gàù nìyẹn: "Ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi di etí aṣọ yìí mú." Ó di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ aláró lo sì máa gbé lọ síléèwé lọ́jọ́ Ajé.

Gàrí ló jẹ mí níyà jù. Bí wọ́n bá ti ti ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Odẹ́dá, ni wọ́n ń kó wa lọ. A ó bó ẹ̀gẹ́ títí ọ̀bẹ á fi mọ ọ̀nà àtàǹpàkò. A ó rù ú lọ síbi ẹ̀rọ, a ó dì í sápò, a ó gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ á máa ro tó-tó-tó fún ọjọ́ mélòó kan. Omi yẹn ni oró inú ẹ̀gẹ́ ń bá lọ, kíkan sì ń wọlé. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n fẹ́ kó kan gan-an, a máa jẹ́ kó pẹ́ nínú àpò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó fi asẹ́ kù ú, Màmá á wá jókòó ti agbada. Àkúfọ́ igbá lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí èéfín: á tì í lọ, á fà á bọ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada, á tún tú u ká kó má baà di kókó. Bó bá ti ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lábẹ́ igbá, ó ti ń gbẹ.

Fred Rogers ló ń rọra ṣàlàyé tiwọn fún wọn. Màmá ló ń ṣàlàyé tiwa fún wa: "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí i pé iná ti ń kú?"

Lọ́dún tó kọjá mo kó àwọn ọmọ lọ sí Easton, ìlú àwọn oní-Crayola tí wọ́n ń ṣe kíréyọ̀n, ní Pennsylvania níbí náà. Mo sanwó gidi lẹ́nu ọ̀nà Crayola Experience, kí wọ́n lè rí ẹni tó ń da ìda sínú ihò. Ilé ìgbafẹ́ ni; ibòmíràn ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà. Nígbà tí ìda dì, èrò pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa tèmi, mo ń ṣírò iye tí Màmá ì bá ti pa ká ní wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn ń sanwó wo irú èyí. Ní 1996, nígbà tí kíréyọ̀n wọn pé bílíọ̀nù 100, Fred Rogers fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè wá da á. Gàrí Màmá, ta ló kà á?

Nínú ọkọ̀ ni àbíkẹ́yìn mi ti ní, "Mọ́mì, ilé-iṣẹ́ wo ló ń ṣe gàrí?" Mo pe Màmá lórí WhatsApp, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe fídíò fún wa. "Ṣé wọn ò ta gàrí lọ́hùn-ún mọ́ ni?" Wọ́n gbà ṣá, wọ́n ní kí n fún àwọn láyè káwọn múra.

Fídíò dé. Léèsì ni Màmá wọ̀, pẹ̀lú gèlè, nídìí agbada. Ìdajì rẹ̀ ni àdúrà fún wa, fún àna, fún ọ̀gá mi tí wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn kí wọ́n wá koná, kò sẹ́ni tó jáde. Ẹni tó di fóònù mú ló ṣàlàyé fún wa pé wọ́n wà ní pálọ̀, wọ́n ń wo bí òyìnbó ṣe ń ṣe ṣokoléètì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ọmọ mi wò ó tán, wọ́n ní kí ló dé tí Màmá ò wọ ìbọ̀wọ́. Mo jíṣẹ́. Èsì dé kíá: "Ẹ kú àkíyèsí o. Ẹ fi owó ìbọ̀wọ́ náà ránṣẹ́, kí ẹ fi ti ẹni tó máa koná kún un, torí àwọn tibí ti di òyìnbó."